Òfio Inú Pálọ̀

Mùnírà Ajíbádé kì í jẹ òfio ọjà. Ó ní ti ọjà kàn tóbi lásán ni. Èyí tí ó mọ̀ ni òfio ìyá rẹ̀, dúdú, kékeré, tí kò ju èékánná ọmọdé lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i tí ó ra ti ọjà. Ó jẹ ẹyọ méjì, ó da ìyókù fún adìẹ.

Ilé wa kọjú sí tiwọn ní Ọ̀tùn, ọ̀nà kan ló wà láàárín. Mo fi ọdún márùn-ún jù ú lọ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé, wọ́n ní oko òfio kan létí odò. Mo ti fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n rí: ọgọ́ta ní òró, ogójì ní ìbú. Kò sí igi kan nínú rẹ̀. Bí ìyá náà bá rí ọ̀mùnú igi, á fà á tu kí òjìji rẹ̀ tó kan ilẹ̀.

Tí oṣù Ààwẹ̀ bá dé, ilé wọn ni gbogbo àdúgbò ti ń gba omi òfio. Wọ́n á rẹ òfio mọ́jú, wọ́n á gún un, wọ́n á fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì ni à ń lọ nílé tiwa. N kì í gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń ṣínu. Mùnírà ló máa ń gbé igbá tèmi wá. Kì í kún, nítorí ó máa ń mu nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Oko náà ti di ilé àti títì. Lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, Mùnírà ń gbin òfio náà sí ẹ̀yìnkùlé lọ́dọọdún. Ní èṣí, orúnkún kò jẹ́ kí ó lè bẹ̀rẹ̀, kò gbìn ín. Ó kó irúgbìn sínú agolo, eku sì wọ ibẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún yìí, ó ṣí agolo, ó bá mọ́kànlá tó ṣì dára. Ó ránṣẹ́ béèrè irú rẹ̀ dé Ayédé. Kò sí. Bí mọ́kànlá yẹn bá ṣòfò, òfio ìyá rẹ̀ parí nìyẹn.

Ó gbìn wọ́n sínú ike ọ̀dà méjì, ó gbé wọn ti ògiri ẹ̀yìnkùlé, níbi tí oòrùn ti máa ń wà láti agogo mẹ́sàn-án títí di mẹ́rin. Mẹ́rin hù nínú ike kan, márùn-ún nínú èkejì.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí a ṣe Iléyá ni Jàmálù, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Èkó, fi àgbò ránṣẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n so ó mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àgbò ti já okùn, ó ti jẹ ewé ike kan dé ojú iyẹ̀pẹ̀. Mùnírà kò pariwo. Ó ní, "Ẹran tí mo fẹ́ jẹ ló kọ́kọ́ jẹ mí."

Ó gbé ike kejì wọ pálọ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí fèrèsé. Èyí tí àgbò jẹ, ó tì í sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ, kò wò ó mọ́.

A ṣe Iléyá, a jẹ àgbò tán, òfio ṣì wà nínú pálọ̀. Mùnírà ní ewúrẹ́ kò tíì kú tán ní Ọ̀tùn. Ewé òfio náà gùn ju apá mi lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tẹ̀ síhà fèrèsé. Gbogbo àlejò ló ń yìn ín.

Nínú oṣù kẹjọ, Mùnírà ṣubú létí kànga. Fìrdáúsì, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ tíṣà ní Ìbàdàn, wá láti mú un lọ.

"Màámi, ẹ kò lè máa dá gbé ulé yìí mọ́."

"Mo gbọ́. Jẹ́ kí n wa òfio mi ná."

"Nítorí òfio?"

"Òfio ìyá mi ni. Bí n kò bá mú irúgbìn rẹ̀ dání, n kò ní í lọ síbi kankan."

Fìrdáúsì wo ike náà. "Ẹ̀ bá máa tan gílóòbù sí i, kó lè tètè so."

"Ṣé gílóòbù ni ẹ fi ń sá èlùbọ́ ní Ìbàdàn?"

Fìrdáúsì rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi àdéhùn sí oṣù kẹwàá, nígbà tí ewé òfio máa ń gbẹ.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ lọ tán, Mùnírà ti ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀. Gbòǹgbò bí òwú ló bá. Kò sí òfio kankan nídìí rẹ̀. Ó jókòó tì í títí wọ́n fi pe ìrun alásàrì ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ kejì ni Modúpẹ́, tó háyà yàrá nínú ilé náà, ń fọṣọ. Ó ké sí i láti ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyá, èyí tí àgbò jẹ mà ti hù padà."

"Àgbò jẹ ẹ́ tán."

"Ewé ló jẹ. Kò jẹ ìdí."

Mùnírà fi ọ̀pá rìn lọ síbẹ̀. Ewé náà kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ṣùgbọ́n ó le, ó sì dúdú. Ó ti ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì, ó kan òfio kan tó tó ẹ̀wà. Ó yọ ọ́, ó nù ún, ó wò ó, ó dá a padà.

Ó ní, "Ìyá mi ń fa igi tu. Èmi wá gbé e sábẹ́ òrùlé."

Lọ́jọ́ náà ni wọ́n gbé ti pálọ̀ síta gbangba. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹnu ewé rẹ̀ ti funfun, oòrùn ti jó o. Wọ́n tún gbé e padà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n fi sùúrù ṣe é: ọjọ́ mẹ́rin lábẹ́ etí òrùlé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kò dé, ọ̀sẹ̀ kan nínú oòrùn àárọ̀ títí di agogo mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ kan títí di ọ̀sán. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, wọ́n fi í síta pátápátá. Modúpẹ́ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti gbó bo ike méjèèjì nítorí ewúrẹ́. Àràárọ̀ ni Mùnírà ń gbé àpótí lọ jókòó tì wọ́n. Bí mo bá yà síbẹ̀, ọ̀rọ̀ oko etí odò la máa ń sọ. Ó rántí orúkọ gbogbo àwọn obìnrin tó ń bá wọn wa òfio. Èmi rántí mẹ́ta.

Fìrdáúsì dé ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, pẹ̀lú mọ́tò. Modúpẹ́ tẹ́ àpò ìrẹsì, ó da ike sórí rẹ̀. Nínú èyí tí àgbò jẹ, a rí mẹ́tàléláàádọ́ta. Nínú ti pálọ̀, a rí mẹ́jọ, tínńtín.

Mùnírà fi eyín gé ẹyọ kan sí méjì, ó fún mi ní ìlàjì. A jẹ ẹ́.

"Òun náà ni," ni mo wí.

"Òun ni."

Ó pín ọgọ́ta tó kù sí ọ̀nà méjì, ọgbọ̀n fún Modúpẹ́, ọgbọ̀n fún ara rẹ̀. Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Apá ibo ni oòrùn ń gbà wọ ulé yín?"

Fìrdáúsì ronú. "Ó ń wọlé ṣá. Baranda wà."

"Àárọ̀ ni àbí ìrọ̀lẹ́?"

"Màámi, n kò kíyè sí i."

"Ọdún mẹ́sàn-án lo ti wà nínú ulé yẹn."

Ó ka ogún kúrò nínú tirẹ̀, ó kó o lé ti Modúpẹ́.

"Ìta ni o. Bí ewúrẹ́ bá dé, lé ewúrẹ́. Má gbé òfio wọlé."

"Mo gbọ́, Ìyá."

Ó di mẹ́wàá mọ́ etí ìró rẹ̀, ó fà á wò bóyá ó le. Ó mú ọ̀pá, ó dìde, ó lọ wọ mọ́tò.