Àgbò Tí Wọ́n Ní Àwọn Yóò Tú Sílẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ rí ọkùnrin tí inú ń bí láìsí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, ẹ̀ bá ti wá wo Hámzàt ọmọ Baba Gàní ní nǹkan bí ọdún 1991. Tíṣà báyọ́lọ́jì ni, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí Ṣàngó. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹfun ṣọ́ọ̀kì kì í sì í kúrò lápá ẹ̀wù rẹ̀. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tó ń bí i nínú kò jìnnà, ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ló wà, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló sì ní.

Àgùntàn ni gbogbo Ìlọrin fi mọ ilé wọn. Baba Gàní, bàbá rẹ̀, ti ń sin àgùntàn kó tó láya rárá. Nígbà tí Hámzàt wà lọ́mọdé, àgbò ilé wọn ga débi pé ọmọdé kì í rí ẹ̀yìn rẹ̀ àfi kó gun àpótí. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì á wá láti Post Office, wọn á dúró ti ẹran, wọn á máa mi orí. Baba Gàní á jókòó sórí ẹní rẹ̀, á ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Àtijọ́ nìyẹn o. Nígbà tí Hámzàt fi máa di tíṣà, èyí tó tóbi jù nínú agbo wọn kò ju òbúkọ gidi kan lọ. Wọ́n ní àgbò tó bá tadí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Ti Baba Gàní ti ń tadí mẹ́yìn láti ọdún gbọọrọ, a ò rí agbára kankan tí wọ́n mú bọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá yìí wọra. Ó pààrọ̀ oúnjẹ wọn, ó gbé èèpo iṣu tì, ó ń ra èèrí ọkà bàbà lọ́jà Ìpàta. Ara ẹran ń dán, ẹran ò ga. Ó pe dọ́kítà ẹran, ìyẹn gún wọn lábẹ́rẹ́ aràn, wọ́n tún ń dán sí i. Ó wá kọjú sí Abdulkadir, aládùúgbò wọn tó ń rán fìlà, ó ní ojú rẹ̀ ló ń ba ẹran òun jẹ́.

"Baba," ni Abdulkadir wí, ẹ̀rín ń pa á, "bí ojú mi bá lágbára tó báyẹn, ṣé fìlà ni ǹ bá máa rán?"

Wọn ò kí ara wọn fún odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan.

"Hámzàt," ni bàbá rẹ̀ máa ń sọ bí wọ́n bá kírun àsùbáà tán, "ohun kan ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Kí n tún dúńbú àgbò kan tó rí bíi tàtijọ́, kó jẹ́ inú agbo tèmi ló ti wá, kí ọlọ́jọ́ tó dé."

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Hámzàt jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé, ó ń máàkì ìwé ìdánwò. Ó ti bi àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé báwo ni irú ẹranko kan ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Jọmílójú dá a lóhùn dáadáa. Ó ní ọmọ ìyá kan náà kì í rí bákan náà, ẹlòmíì á ga, ẹlòmíì á kúrú. Ó ní àwọn tí à ń bí máa ń pọ̀ ju àwọn tí yóò dàgbà lọ. Àwọn tí ìṣẹ̀dá wọn bá ibi tí wọ́n wà mu ni wọ́n ń là á já tí wọ́n ń bímọ, àwọn ọmọ náà á jọ wọ́n, títí gbogbo ìran náà yóò fi rí bẹ́ẹ̀.

Hámzàt fẹ́ kọ "ó dára" sí i, ó gbójú sókè. Níwájú rẹ̀ gan-an, àgbò játijàti kan báyìí, ẹsẹ̀ kúkúrú, ìwo wíwọ́, ń gun abo àgùntàn. Lẹ́bàá ògiri, àwọn àgbò mẹ́ta tó dára jù nínú agbo dúró lórí èèkàn, wọ́n ń wò ó. Bírò bọ́ lọ́wọ́ tíṣà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó rí. Bí ọmọ àgùntàn akọ bá ti fara jọ èyí tó máa tóbi, kò tíì mọ ohun tí abo ń jẹ́ tí Baba Gàní á ti so ó mọ́lẹ̀. Ó ní àgbò tó bá ń sáré tẹ̀lé abo kì í sanra. Ibẹ̀ ló máa wà tí á máa jẹ, títí Iléyá á fi dé tí wọ́n á dúńbú rẹ̀, tàbí tí òun fúnra rẹ̀ á fi tà á. Àwọn kúkúrú bìlísì tó kù, ta ló fẹ́ fi okùn ṣòfò lórí wọn? Àwọn ni wọ́n ń rìn káàkiri, àwọn ni wọ́n ń bímọ. Nínú igbó, ọ̀dá, àrùn àti ẹranko apẹran ló ń yan ẹni tí yóò bímọ. Lẹ́yìnkùlé Baba Gàní, okùn ló ń yàn, èyí tó burú jù ló sì ń yàn lọ́dọọdún.

Inú bí Hámzàt sí ara rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ni, àfòpiná ìlú òyìnbó tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà láti ìran dé ìran ló ń yà sí bọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ àgùntàn bàbá rẹ̀ ń ké mọ́ ọn léti láràárọ̀. Ó dìde, ó lọ bá bàbá náà, ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro ó.

"Ẹ̀yin tíṣà ni ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ọ̀bọ ló bí wọn?" ni Baba Gàní bi í.

"Baba, mi ò dárúkọ ọ̀bọ. Àgùntàn ni mò ń wí."

"Oúnjẹ ní í mú ẹran tóbi."

"Ẹ ti fún wọn lóúnjẹ tó dára ju èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ń jẹ lọ, Baba. Ṣé wọ́n ga? Ẹ̀yin lẹ sì kọ́ wa pé ẹni bíni là á jọ. Ẹ tú èyí tó tóbi sáàárín àwọn abo, kí ẹ so àwọn kúkúrú yẹn."

"Kí n wá fi èyí tó dára pamọ́, kí n kó jágbajàgba fún Ọlọ́hun níjọ́ Iléyá? A ò gbọ́ irú ẹ̀ nílé yìí rí."

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ tí odidi kíláàsì gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bàbá kan kò gbọ́ ọ fún oṣù mélòó kan. Ó sú Hámzàt. Á dé láti ilé ẹ̀kọ́, kó tó bọ́ bàtà, á ti yọjú wo okùn. Bó bá rí i pé wọ́n tún so òmíràn, oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Huda ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé bó bá ń bínú báyìí lórí àgùntàn, òun á máa rò pé àgùntàn ló fẹ́ níyàwó.

Àfìgbà tí abo àgbà kan bí akọ kan tí wọ́n sọ ní Gìrìpá. Ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ kò tíì tán pátápátá nínú agbo, ó kàn sá pamọ́ ni. Kí Gìrìpá tó pé ọdún kan, ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ọrùn rẹ̀ ki pọ́pọ́. Baba Gàní so ó, bí ó ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun fúnra rẹ̀ pe Hámzàt.

"Mo ti gbọ́ tìẹ. Mi ò ní pa á ní Iléyá yìí. Olè àgbò pọ̀ níta báyìí, jẹ́ kí ọdún kọjá, a ó tú u sáàárín wọn."

Hámzàt dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Iléyá dé lóòótọ́, Baba Gàní sì lọ ra àgbò lọ́jà, òun ẹlẹ́ran. Abdulkadir jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní, "Ẹlẹ́ran ń ra ẹran! Ayé mà ti yí o." Bàbá náà gbé e mì. Kò sí ohun tí Hámzàt rí tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ láyé rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ọdún ni wọ́n fi àdéhùn sí láti tú Gìrìpá. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Huda, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ta ló máa rántí okùn? Ilé ìwòsàn ni Hámzàt wà títí Huda fi bí ọmọkùnrin làǹtì-lanti. Ó ní bí àwọn bá ti sọ ọmọ lórúkọ tán, òun á fọwọ́ ara òun tú ẹran náà. Ó ra àgbò méjì fún ìsọmọlórúkọ, ó so wọ́n sí iwájú ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, àwọn alfa ti jókòó, ojúde kún. Hámzàt gbé ọmọ lọ́wọ́ jáde, ó sì gbọ́ tí àwọn èèyàn ń hó lẹ́yìnkùlé. Ó yà síbẹ̀. Àwọn àgbò tó rà ṣì wà lórí ìso. Gìrìpá ló nà gbalaja sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú kòtò. Baba Gàní dúró tì í pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó wọ agbádá funfun, ó ká a sí èjìká, omi wà lójú rẹ̀.

"Nígbà tí wọ́n bí ẹ," ni bàbá náà wí, "àgbò tí mo pa ga dé àyà mi. Ọmọ tìẹ ni màá wá fi ẹran ọjà sọ lórúkọ? Wallahi, kò ṣeé ṣe. Kí ni mo fẹ́ máa tọ́jú rẹ̀ dè, bí kì í bá ṣe ìwọ?"

Abdulkadir ti bọ́ fìlà, ó ń kí i, "Baba ẹlẹ́ran! Irú èyí ò sí mọ́ ní Ìlọrin o!" Gbogbo ènìyàn ń ṣe àmín. Hámzàt fẹ́ bi bàbá rẹ̀ pé ṣé kò lè dúró kí Gìrìpá bí ẹyọ kan péré ni. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá náà ti ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun ló tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ yẹn. Hámzàt gbé ọmọ fún ẹni tó sún mọ́ ọn, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Ẹ ṣé, Baba. Ẹ ṣeun púpọ̀."

Baba Gàní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Má bọkàn jẹ́. Mo mọ̀ pé o nífẹ̀ẹ́ ẹran yẹn. Akọ kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ga jù ú lọ, mo ti rí i lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àárọ̀ yìí ni mo so ó."