Pépà Tó Ń Ya Wẹ́rẹ́

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo inú tó bí mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lórí fóònù mi ni mo ti rí obìnrin òyìnbó kan tó ń to ègé aṣọ wẹ́wẹ́ sórí pépà, tó ń rán aṣọ àti pépà pọ̀ lójú ìlà tó ti fi pẹ́ńsù fà, tó sì wá fa pépà náà ya kúrò lẹ́yìn aṣọ nígbà tó rán an tán. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ìràwọ̀ tí gbogbo igun rẹ̀ mú ṣáṣá, tí ọ̀kan ò fi ìwọ̀n òwú ju èkejì lọ. Ó wá so irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀, ó di ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì. Mo wo fídíò náà títí dátà mi fi tán.

Mo pe àbúrò mi kó wá wò ó. Àbúrò tí mò ń wí yìí, mi ò bá a tan. A jọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ní Odígbó ni. Ó fi ọdún mẹ́rin dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n mo fi ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wa, ẹni tó bá sì kọ́ṣẹ́ ọwọ́ rí mọ̀ pé ọjọ́ tí èèyàn wọṣẹ́ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ọjọ́ ìbí. Láti ìgbà náà ló ti ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, tó ń sọ “ẹ” fún mi, tí èmi náà ń sọ “o” fún un. Mo gba oyè yẹn tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí a ṣe fírídọ̀ọ̀mù tán, tí a wá sí Orè, tí kálukú gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní àdúgbò kan náà, mo ṣì ń rán an pé bó bá ń ti ọjà bọ̀, kó bá mi ra òwú.

Ó wo fídíò náà lẹ́ẹ̀kan. Ó ní iṣẹ́ sùúrù ni, ó sì padà sídìí maṣíìnì rẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí.

Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé ègé aṣọ kọ́ ni ìṣòro iṣẹ́ yìí. Ègé aṣọ kún abẹ́ tábìlì mi: àǹkárá, léèsì, àti aṣọ funfun tó ń ṣẹ́kù nínú sùtánà tí mò ń rán fún àwọn ará ilé àdúrà wa. Pépà ni wàhálà. Òyìnbó inú fídíò ní pépà tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Ní Orè, bí o bá ṣàlàyé irú pépà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń ta ìwé, yóò ní kí o wọkọ̀ Èkó. Mo béèrè rímù pépà tí àwọn oní-fọ́tòkọ́pì ń lò, iye tí wọ́n pè é lé mi padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ká tiẹ̀ ní mo rówó rà á, ó nípọn jù. Pépà tó bá nípọn kì í fẹ́ ya, bí o bá sì fi agídí fà á, ojú rírán ni yóò tú.

Mo já ìwé àwọn ọmọ mi ti sáà tó kọjá, òun náà le. Mo gbìyànjú pépà àpò sìmẹ́ńtì. Eruku rẹ̀ wọ inú maṣíìnì, abẹ́rẹ́ méjì sì kán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìwé ìròyìn ni mo wá fọkàn tán. Ó fẹ́lẹ́, ó ń ya, ẹni tó ń ta súyà lójú títì sì fún mi ní ìdì kan lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fi aṣọ sùtánà ṣe ìràwọ̀ funfun àkọ́kọ́, mo wọ́n omi sí i, mo gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e. Nígbà tí mo yí i padà, fìlà òṣèlú kan àti ìdajì ìkéde òkú ti tẹ̀ sára aṣọ tí a fi ń wọlé Ọlọ́run. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òkú náà ò lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi tí mo rí ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kan tó fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ìràwọ̀ ni, aláró àti funfun, odindi mẹ́rìndínlógún, igun wọn mú ju ti òyìnbó lọ. Ẹsẹ̀ mi dúró fúnra rẹ̀. Ó rí mi láti inú ilé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ghá wò ó.”

Omífúnfun ni wọ́n ti bí i, bí inú rẹ̀ bá sì dùn, Ìkálẹ̀ ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo wọlé. Mo fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn aṣọ náà, bóyá mo lè kan àjákù pépà kan tó há sójú rírán. Kò sí. Ó mọ́ tónítóní. Mo wá àbùkù títí mo fi rí òwú kan tó yọ gọnboro ní igun ìsàlẹ̀, mo sì fi hàn án. Ó dúpẹ́, ó gé e. Mi ò sọ pé ó dára.

Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Ìbéèrè kan péré ló kù kí n bi í: pépà wo lo lò? Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó síwájú ẹni tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́, kí n ní kó wá kọ́ mi? Mo pa ẹnu mi mọ́. Ilé ni mo ti ń dá ara mi lóhùn. Mo ní ó ní ẹni tó ń fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun. Mo ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Owú mú mi lóṣù náà débi tí mo fi ń rù. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, àwọn oníbàárà mi náà sì ń béèrè bóyá àìsàn ló ṣe mí. Tí ẹnì kan bá bọ́ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ti yọjú. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́rú mẹ́ta nílé àdúrà. Ohun tí mo sọ fún Olúwa ni pé kó là mí lójú bó ṣe la ojú tirẹ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn mi, tí Òun náà sì gbọ́ dájúdájú, ni pé kó kúkú di ojú tirẹ̀.

Nígbà náà ni obìnrin kan dé, tó ń kọ́ ilé ìtura sí ọ̀nà Oǹdó. Ó ti rí ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ẹnu ọ̀nà àbúrò mi, ó sì ti gbọ́ pé èmi náà ń ṣe é, nítorí èmi ni mo sọ ọ́ kí ó lè dé etí rẹ̀. Gbogbo yàrá rẹ̀ ló fẹ́ fi irú rẹ̀ tẹ́. Ó ní kí àwa méjèèjì ṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan wá lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá mọ́ jù ni yóò gba gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún kan gbáko nìyẹn. Mo mọ̀ pé láìsí pépà, mo ti fìdí rẹmi.

Lọ́jọ́ Ajé, mo rán àbúrò mi pé kó bá mi ra òwú funfun. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo rí i tó bọ́ lórí ọ̀kadà tòun ti ọ̀rá dúdú kan tí pépà yọrí nínú rẹ̀. Mo mọ ọlọ́kadà náà. Mo dá a dúró níwájú, mo bi í pé ibo ló ti gbé e. Ó ní gáréèjì ni, lọ́dọ̀ bàbá akọ̀wé.

Mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá akọ̀wé jẹ́ arúgbó onítẹ̀sùbáà kan tó ń jókòó sídìí tábìlì kékeré níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Èkó àti Benin. Kí ọkọ̀ tó gbéra, òun ló ń kọ orúkọ èrò, nọ́mbà fóònù wọn, àti orúkọ àti nọ́mbà ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà. Ó ń fi kábọ̀n sáàárín pépà méjì. Dírẹ́bà ló ń mú pépà òkè lọ. Ti ìsàlẹ̀, èyí tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ń gbé ní gáréèjì. Bó bá pẹ́ tó, wọn á dáná sun ún. Mo mú ẹyọ kan, mo fà á. Ó ya wẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ dún.

Bàbá bi mí bóyá ìyá aránṣọ tó wá lánàá ló rán mi.

“Òun ni, bàbá,” ni mo wí. “Ó ní kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún mi.”

Ó kó gbogbo rẹ̀ fún mi. Àpò kan kún. Ó ní kí n bá òun kí i.

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ìdajì, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwé ìròyìn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n: ojú tí a kọ nǹkan sí ni mo kọ sóde, ẹ̀yìn rẹ̀ tó funfun ni mo fi kan aṣọ. Mo gé, mo rán, mo lọ̀ ọ́. Ìràwọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Inú mi dùn débi pé mò ń kọrin.

Lọ́jọ́bọ̀, àbúrò mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní pépà tí òun gbà lọ́jọ́ Ajé ti tán, òun sì ti lọ sí gáréèjì láti gba sí i.

“Bàbá ní ẹni tí mo rán ti wá kó o, ẹ̀gbọ́n. Mi ò rán ẹnikẹ́ni.”

Mo ní bóyá ọjọ́ ogbó ló ń da bàbá láàmú. Abẹ́ maṣíìnì mi ló ń wò, níbi tí àjákù pépà tín-ín-rín ti bo ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló mú òwú funfun tí mo rán an láti inú báàgì rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì mi, ó sì lọ. Ojú tì mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ayọ̀ mi ju ìtìjú náà lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, etí aṣọ nìkan ló kù kí n fa pépà rẹ̀ ya. Ibẹ̀ ni mo ti lo pépà gígùn, tí odindi ìlà orúkọ kan wà lórí rẹ̀ láti òpin dé òpin. Títí di ìgbà yẹn, mi ò ka nǹkan kan lára wọn. Ta ló ń ka ìwé tó fẹ́ ya? Ṣùgbọ́n orúkọ tí mo mọ̀ kò sí bí ojú ò ṣe ní í rí i. Orúkọ àbúrò mi ni. Benin ló ń lọ, mo rántí ìrìn àjò náà, aṣọ tí a ń fi sínú ẹ̀wù ló lọ rà. Mo fi ìka tẹ̀ lé ìlà náà dé ibi tí wọ́n kọ ẹni tí wọn yóò pè sí.

Ó ní ọkọ. Ó ní àbúrò ọkùnrin méjì ní Omífúnfun. Orúkọ mi ni bàbá kọ síbẹ̀, àti nọ́mbà mi láìku ẹyọ kan, ó sì kọ ọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé “ẹ̀gbọ́n rẹ̀.”

Kò sẹ́ni tó ń gbé Orè tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Ká ní ọkọ̀ náà dànù ni, fóònù mi ni ì bá dún, èmi ni ì bá lọ wá a láàárín àwọn tó sùn sílẹ̀. Mo jókòó ti ìlà kan yẹn, mi ò lè fà á ya.

Mo gbé àpò náà sórí, mo lọ. Mo bá a tó ń fa pépà kàlẹ́ńdà ya kúrò lẹ́yìn aṣọ, ojú rírán sì ń tú bó ṣe ń fà á. Mo sọ àpò náà kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ní èmi ni mo lọ kó o. Ó ní òun mọ̀.

“Ẹ ò bi mí ni, ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí. “Ẹ ò bi mí rárá.”

Mo fa àga kan, mo mú síṣọ̀ọ̀sì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé pépà fún un. Ó ń rán, mò ń gé, títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Bí mo ṣe ń gé e náà ni mò ń wo ọwọ́ rẹ̀, owú sì ń jẹ mí, nítorí ọwọ́ náà dára.

Lọ́jọ́ Sátidé, obìnrin onílé ìtura tẹ́ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì méjèèjì sílẹ̀, ó sì mú ti àbúrò mi. Mo sunkún nílé. Lónìí pàápàá, bí mo bá gba ọ̀nà Oǹdó kọjá, mi kì í wo ilé náà.

Nígbà tó ṣe, èmi náà fẹ́ lọ Benin. Bàbá akọ̀wé wò mí lórí dígí ojú rẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa àpò. Ó kọ orúkọ mi, ó béèrè ẹni tí wọn yóò pè. Mo dárúkọ ìyá aránṣọ tó ń gba pépà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n ka nọ́mbà rẹ̀, mi ò sì mọ̀ ọ́n lórí. Inú fóònù ni mo ti lọ wá a, tí àwọn èrò ẹ̀yìn mi ń pòṣé. Bàbá bi mí pé kí ló jẹ́ sí mi.

Mo ní kó kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ni.