Bí Apá Kejì Ìwé Kan Ṣe Fẹ́ Gba Orúkọ Lọ́wọ́ Ọmọ Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi jókòó ná, kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ìwé kan lóṣù tó kọjá.

Ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Kíláàsì kejì ní girama ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, abúlé kan lẹ́yìn Akanran la sì ń gbé. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti di ìwé mú báyìí, ohùn mi á jáde! Bóyá nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi ni mò ń sọ.

Àáró ni àwọn obìnrin abúlé wa fi ń bẹ ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gaàrí. Bí gbogbo wa bá bẹ ti Ìyá Rísí lónìí, ó di ti ẹlòmíràn lọ́la. Èmi nìkan ni wọn kì í jẹ́ kí n mú ọ̀bẹ. Ìwé ni mo máa ń kà sí wọn létí, wọ́n á sì bá mi bẹ ìpín tèmi mọ́ tiwọn. Ta ló sọ pé ìwé kíkà kì í ṣe iṣẹ́?

Ìyá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì ní Adégbayí, tí mo máa ń gbé gaàrí lọ fún, ló yá mi ní ìwé kìíní. Ìtàn ogun ayé àtijọ́ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Akínṣọ̀wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ kó àwọn ọmọ tí ogun ń lé kọjá odò, tí ọfà ń rọ̀ lé e lórí bí òjò. Àwọn tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ kì í mọ ìgbà tí ọ̀bẹ ń dúró lọ́wọ́ wọn!

Ìyàwó bọ̀dá mi wà nínú oyún nígbà náà. Àǹtí ni mò ń pè wọ́n. Àwọn náà kì í pe orúkọ mi, torí mo ti wà nílé kí wọ́n tó wọlé ọkọ. Eyínfúnjowó ni wọ́n ń pè mí, èmi tí n kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín síta! Nígbà tí Àǹtí bí ọkùnrin, wọ́n ní dandan ni kó jẹ́ Akínṣọ̀wọ́n. Bọ̀dá mi fẹ́ orúkọ mìíràn, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ìyá ọmọ tuntun jà?

Ọmọ náà ti ń rá kòrò kí ìyá tíṣà tó rí apá kejì ìtàn yẹn. Inú wa dùn! Àwọn obìnrin kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ dá a kà ṣáájú, kí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ ni. Mo gbà.

Àṣé wàhálà ń bẹ níwájú. Nínú apá kejì, Akínṣọ̀wọ́n ti dàgbà, ó ti lówó, ó ti joyè. Mo ń kà á lọ, ni mo bá dé ibi tó ti ń fi ọkọ̀ kan náà kó ẹrú kọjá odò kan náà, ó ń lọ tà wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó gbà là lọ́jọ́sí tilẹ̀ wà nínú wọn, ọmọbìnrin kan tó ti dàgbà báyìí. Mo pa ìwé dé.

Gbogbo ojú yí sí ọmọ tó wà lẹ́yìn Àǹtí. Ìyá Rísí, tí ẹnu wọn kì í sinmi, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Orúkọ ń ro ọmọ o. Ìyàwó, tètè wá òmíràn fún un, kó tó kó gbogbo wa tà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n rọra fi ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n so ọ̀já le, wọ́n gba ilé lọ.

Ọ̀rọ̀ náà sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ̀gẹ́ Àǹtí ló kàn fún àáró lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti fà á tu, ó ti wà nílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a ti fà tu kì í dúró deni. Kíá ni inú rẹ̀ á dúdú. Mo lọ bá wọn ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kó bàjẹ́, àwọn ò lè jókòó síbi tí wọ́n ti ń fi ọmọ àwọn ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n wá wò mí lójú.

"Eyínfúnjowó, ṣé orúkọ burúkú ni mo sọ ọmọ mi?"

Èmi ni mo ka ìwé náà sí wọn létí, àbí ta ni?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́ Àǹtí. Àwọn obìnrin dé, Àǹtí ò yọjú. Ìyá Rísí ní kí n ṣí ìwé, kí àwọn gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ olóyè yẹn já sí. Ni ọ̀rọ̀ bá jáde lẹ́nu mi, kì í sì í ṣe látinú ìwé!

"Ìyá Rísí, ẹ má bínú. N kò ní kà á, àfi tí ìyá Akínṣọ̀wọ́n bá jókòó síbí."

Mo ń wolẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ìyá Rísí gan-an ló dìde! Wọ́n ń kùn pé àwọn ò lè bẹ òkìtì ẹ̀gẹ́ tó tó báyìí láìgbọ́ ìtàn. Wọ́n lọ, wọ́n pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa padà, Àǹtí ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ẹ̀yìn Ìyá Rísí sì ni ọmọ wà.

Mo kà á dópin. Akínṣọ̀wọ́n kò ronú pìwà dà o. Obìnrin tó ti gbà là rí yẹn ló tú okùn àwọn yòókù, ó wa ọkọ̀ wọn padà sílé, ó fi olóyè sílẹ̀ sí òdìkejì odò, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n.

Àǹtí ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ, wọn ò gbójú sókè.

"Apá kìíní ni mo fi sọ ọmọ mi lórúkọ. Apá kejì tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ọ́."

Láti ọjọ́ náà, Apá Kìíní ni Ìyá Rísí ń pe ọmọ náà. Tí wọ́n bá sì ti pè é, á rá kòrò lọ bá wọn!

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí ènìyàn bá bàjẹ́ nígbẹ̀yìn, àwọn tó ti gbé kọjá odò ti kọjá ná. Mo sì kọ́ pé mo ní ohùn tí kì í ṣe ti ìwé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé apá kejì ìwé kan ti bà yín nínú jẹ́ rí? Ṣé wọ́n sọ yín ní orúkọ ẹnì kan tó wá yípadà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá ka gbogbo rẹ̀. Bí n kò bá tètè fèsì, ẹ má bínú: ẹ̀gẹ́ Ìyá Rísí ló kàn lọ́la, wọ́n sì ti ní kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti apá kìíní.