Káàdì Tí Ìyá Mi Bá Mi Yàn

Nígbà tí mo ń múra láti mú ìyá mi lọ ṣe Úmúrà, ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ báńkì kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta léèsì l'Ékòó. Káàdì méjì ló ní kí n mú ọ̀kan nínú wọn. Méjèèjì ni mo lè fi sanwó hòtẹ́ẹ̀lì lókè òkun, kí n wá dá owó báńkì padà níparí oṣù kí èlé tó gun orí ẹ̀. Ọ̀kan ò gba kọ́bọ̀ lọ́dún. Ìkejì, owó gọbọi ni wọ́n ń gbà lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní in á máa wọ láọ̀njì ní pápákọ̀ òfuurufú, níbi tí àga ti rọ̀, tí oúnjẹ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀yin àti Màmá lẹ jọ máa wọlé, ma," ni ó wí.

Orúnkún ìyá mi tó ń dùn ún ni mo rò. Díẹ̀ ló kù kí n mú olówó gọbọi. Nígbà tí mo dé agbo ilé wa ní Ẹnu Ọwá, mo sọ fún un.

"Ṣé ọkọ̀ tiwọn á tètè dé Mẹ́kà ju ti àwa yòókù lọ ni?"

"Rárá, ma. Ọkọ̀ kan náà ni."

"Kí ni wọ́n wá ń gbowó fún?"

"Àga, ma. Àti oúnjẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti jókòó sórí àga rí. Fi owó yẹn ṣe sàárà, jàre."

Bí mo ṣe mú èyí tí kò lówó lórí nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìrìn àjò wa, ọkọ̀ ò tètè gbéra. Ìyá mi jókòó sórí àga onírin, ó ń fọwọ́ ra orúnkún. Mo wo ilẹ̀kùn láọ̀njì lọ́ọ̀ọ́kán, mo bú ara mi nínú. Àṣé ìyá mi ò tiẹ̀ ro ti láọ̀njì rárá. Ó tú mọ́ínmọ́ín tó dì wá, ó na ọ̀kan sí ìyá àgbà tó jókòó tì í. Ìyẹn gbà á, ó dúpẹ́, ó wá tẹjú mọ́ ìyá mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lọ ilé kéú rí l'Ólówógbowó?"

Ìyá mi gbá àyà mú. "Háà! Ìwọ tí a jọ ń jẹ ẹgba ááfà!"

Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí bàbá ìyá àgbà yẹn kó àwọn ará ilé rẹ̀ padà sí Ìjẹ̀bú, wọn ò sì fojú kan ara wọn mọ́. Ẹkún ni wọ́n kọ́kọ́ sun, kó tó di ẹ̀rín. Nígbà tí wọ́n pe ọkọ̀ wa, wọn ò gbọ́. Èmi ni mo lọ fà wọ́n dìde.

Mi ò ní parọ́: nígbà tí mo dá lọ ra ọjà ní Dúbáì lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ dùn mí ní pápákọ̀, àga rírọ̀ yẹn sì wù mí. Síbẹ̀, káàdì mi tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ti ń wá kí wa láti Ìjẹ̀bú báyìí. Bó bá ti dé, n kì í rí ìyá mi bá sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n á fi kírun alẹ́.