Oyin Pupa Orí Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Wa

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí a kọ́kọ́ yọ oyin lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ní Ajégúnlẹ̀. Bàbá mi, tí wọ́n ń wa tírélà ní Àpápá, ń sin oyin fún ìgbádùn ara wọn. Bí mo bá bi wọ́n níbi tí àwọn kòkòrò náà ti ń rí òdòdó, wọ́n á ní, "Snake Island, lódìkejì omi."

Lọ́jọ́ náà, Bàbá fi ọ̀bẹ gbígbóná bó ìda ojú afárá, wọ́n to férémù tó di afárá mú sínú dúrọ́ọ̀mù tí a fi ń yọ oyin, èmi sì ń yí i. Oyin tó jáde pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ mi dúró.

"Má tọ́ ọ wò o," Bàbá wí.

Ṣadé tó ń ta sóbò, omi ìsápá oníṣúgà, nísàlẹ̀ gòkè wá wò ó. Ó fìka lá a, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, sóbò mi nìyí. Àràárọ̀ làwọn kòkòrò yín ń bo báàfù mi."

Gbogbo Snake Island tí Bàbá ń sọ kò ju ìdí àtẹ̀gùn wa lọ.