Ẹni Tó Wà Lórí Kánàkò Kì Í Kúnlẹ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ìdí mi ò tíì mọ aṣọ ró, kò sí ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa ní Ìwó tí kì í kọ́ kánàkò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí. Bí àwọn ọmọkùnrin bá ti gbé wàláà lọ sílé kéú, àwa náà á gba àgbàlá Ìyá Ọlọ́nà lọ, olórí gbogbo obìnrin tó mọ oògùn tí í ká ọ̀nà jíjìn kò. Ìrìn tó yẹ kó gba odindi òwúrọ̀ á wá dà bíi ká lọ fọn iná nílé kejì.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni o! Kí wọ́n tó fún ọmọ ní ọ̀rọ̀ ọfọ̀ kan ṣoṣo, á ti gbálẹ̀, á ti pọnmi, á ti fi eérú fọ ìkòkò títí èékánná rẹ̀ á fi dúdú. Ataare tí a ń jẹ kí ọ̀rọ̀ lè mú lẹ́nu wa kì í ṣe kékeré. Ikun á máa dà nímú wa. Ọmọ tó bá sì ṣi ọ̀rọ̀ pè, ọ̀nà á gùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Á rí ẹ̀kọ àti àkàrà gbígbóná lórí ẹní níwájú rẹ̀, á máa rìn lọ síbẹ̀, kò sì ní débẹ̀, àfi bí Ìyá Ọlọ́nà bá rẹ́rìn-ín tán. Ọjọ́ tó kàn mí, mo bú ẹ̀kọ, mo bú àkàrà.

Òfin wá pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. A kì í lo kánàkò lọ́jọ́ ọjà, kí àwọn ará Olúpọ̀nnà má bàa ní a ń fi oògùn gba ìsọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. A kì í lò ó nígbà tí òyìnbó bá ń wọn ọ̀nà. Òyìnbó kan ti fi ṣéènì wọn ọ̀nà Kuta rí. Láàárọ̀, ọ̀nà gùn. Lọ́sàn-án, ó ti kúrú, torí àwọn aláta ti ká a kò. Ó ní akọ̀wé òun ló mu ẹmu. Èyí tó le jù nínú òfin náà ni pé ẹni tó wà lórí kánàkò kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Bí orúnkún bá ti kan ilẹ̀, ọ̀nà á nà padà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ìdánwò ni, wọ́n á gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ títí láé.

Ẹ gbọ́ ná, ọmọ Yorùbá, ẹ ní kó má kúnlẹ̀! Ìyá bàbá mi tó tọ́ mi, tí wọ́n máa ń fi ọmọ orógùn kàn mí lórí bí mo bá kí wọn lóòró, àwọn náà ni wọ́n tún ń na mí nítorí pé mo kúnlẹ̀. Wọ́n á ṣàdédé yọ lẹ́yìn ààrò, wọ́n á ní, "Àjọkẹ́, le orúnkún!"

Torí ìyá mi ni mo ṣe fara dà á. Nígbà tí bàbá mi kú, ìyá mi lọ́kọ mìíràn sí Kuta, ilé bàbá mi ò sì jẹ́ kí wọ́n mú mi lọ. Iléyá sí Iléyá ni mo ń rí wọn. Bí mo bá gba kánàkò, mo lè jẹun ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wọn lójoojúmọ́, kí n sì sùn ní Ìwó. Kò sóhun mìíràn tí mo fẹ́ láyé.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Wọ́n ní kí n lọ fọwọ́ kan ògiri mọ́sálásí Kuta, kí n sì padà kí ẹ̀kọ orí iná tó jiná. Mo rún ataare, mo pe ọ̀rọ̀, oko ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó dùn, ẹ jàre! Àwọn àgbà ti tò sójú ọ̀nà láti dán mi wò. Baba kan ní, "Ọmọ ta ni aláìlẹ́kọ̀ọ́ yìí?" Mo le orúnkún. Ààfáà kan ṣàdúrà fún mi, mo ṣe àmín lóòró.

Ó kù díẹ̀ kí n dé Kuta ni mo rí obìnrin kan tó gbé igbá ẹ̀pà, tó kẹ̀yìn sọ́nà. Ìyá Ọlọ́nà ló fi í síbẹ̀. Ta ni ò mọ ẹ̀yìn tó pọ̀n ọ́n? Kí n tó ronú, orúnkún mi ti wà nílẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá mi."

Ọ̀nà nà gbalaja. Ìyá mi yíjú padà, omi ti kún ojú wọn. "Àjọkẹ́, torí kí o lè kọjá ni mo ṣe kẹ̀yìn sí ọ!" A dìmọ́ra, a sunkún. Ni wọ́n bá fẹsẹ̀ sìn mí dé Ìwó. À ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń béèrè eyín mi tó yọ, wọ́n ń béèrè ẹni tó ń dirun fún mi. Ọ̀nà náà gùn, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó tún gùn sí i. Nígbà tí a délé, Ìyá Ọlọ́nà fi epo nu ahọ́n mi, ọ̀rọ̀ lọ. Ó dùn mí gan-an.

Lóde òní, mọ́tò ti dé, kò sẹ́ni tó ń jẹ ataare kó tó dé Kuta. Àwọn ọmọ-ọmọ mi á ti Ìbàdàn dé, wọ́n á kí mi, wọ́n á tún ṣíná mọ́tò kí wọ́n máa lọ. Mi ò bá wọn jà, ayé ti dẹ̀rọ̀ fún wọn. Àmọ́ mo máa ń ní kí wọ́n pa mọ́tò yẹn ná, kí wọ́n bá mi fẹsẹ̀ rìn díẹ̀. Wọ́n á ní, "Ìyá, ibo lẹ fẹ́ lọ?" Mi ò fẹ́ lọ síbì kankan. Mo kàn fẹ́ kó pẹ́ ká tó dé ni.