Ìwé Pápá Ìṣeré Tí Ìka-Mẹ́wàá Tẹ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìka-Mẹ́wàá ti ń bá wọn tẹ̀wé ní ọ́fíìsì eré ìdárayá. Orúkọ yẹn kì í ṣe àbùkù o. Ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ń sáré lórí kọ̀ǹpútà, tí ojú rẹ̀ á wà lójú fèrèsé. Bí mínísítà tuntun bá ti dé báyìí, Ọ̀gá á fa ṣòkòtò sókè, á wá máa fi imú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òtútù mú: "Màdáàmù, ìwé àbá pápá ìṣeré ńlá yẹn, ẹ bá wa tún un ṣe."

Àtúnṣe wo? Á ṣí ti àtijọ́, á pa orúkọ mínísítà tó lọ rẹ́, á fi ti èyí tó dé sí i, á yí ọdún padà. Ó tán. Pápá bọ́ọ̀lù, odò ìlúwẹ̀ẹ́, ibi eré sísá, ìjókòó ọ̀kẹ́ mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni ò kà á, òun gan-an ò kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹlẹ́ẹ̀keje ni wọ́n fọwọ́ sí.

Ọ̀gá wọlé bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. "Wọ́n gbà á o! Katakátá á wọlẹ̀ yẹn lóṣù tó ń bọ̀!"

"Ilẹ̀ wo, sà?"

"Èyí tí ẹ tẹ̀ síbẹ̀ ńkọ́! Ẹ̀yìn afárá, láti ìdí kànga àtijọ́ dé ẹsẹ̀ òkè."

Nígbà tó kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ yẹn, igbó ni ibẹ̀. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà ra ilẹ̀ níbẹ̀, tó ń fi ọjọ́ ìsinmi kọ́lé díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti ń gbé yàrá mẹ́ta. Ìkẹrin ló ń mọ lọ́wọ́. Látìgbà tí wọ́n ti kó débẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti tẹ àdúgbò ara rẹ̀, kò sì sí ọ̀kankan nínú ìka mẹ́wàá tó ta á lólobó.

"Sà, àwọn èèyàn ń gbébẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́ pé ilẹ̀ òfìfo ni! Àbí èmi ni mo tẹ̀ ẹ́?"

Ìka-Mẹ́wàá dúró de ẹkún ara rẹ̀. Ẹkún ò wá. Ó mu omi, omi náà ò tutù, kò sì gbóná.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ ké láti orí àkàbà: "Ìyá ọmọ, wo igun yìí! Ó tọ́ ju ìlà ìwé yín lọ!"

"Ó tọ́."

"Kí ló dé tóo ń wò bí ẹni tí wọ́n yọ bátìrì ẹ̀?"

"Wọ́n ti gba àbá pápá ìṣeré."

"Ẹ̀yin náà ti ṣe bẹbẹ! Ibo ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí?"

Ó nawọ́ sí ilẹ̀ tó dúró lé. Ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wá tán. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ irinṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sìmẹ́ǹtì pípò ṣì kún àwo.

"Ta ló kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀?"

Ìka-Mẹ́wàá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wò wọ́n títí, ó tún mú irinṣẹ́. Ó padà sórí àkàbà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá gbé àkọsílẹ̀ àwọn ilé tí wọ́n máa wó wá, kò wojú rẹ̀. Ìka-Mẹ́wàá ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ilé kẹtàdínlógún, ti bíríkìlà, yàrá mẹ́ta.

Èyí nìkan ló kà. Ó pa mẹ́ta rẹ́, ó tẹ mẹ́rin.